Fíìmù Inú Ilé Wa

[Orin ètò wọlé, ó lọ díẹ̀, ó rọlẹ̀ sábẹ́ ohùn]

OLÓÒTÚ: Ní oṣù keje ọdún 2016, iléeṣẹ́ Funai ní orílẹ̀-èdè Japan ṣíwọ́ ṣíṣe ẹ̀rọ tí a fi ń wo kásẹ́ẹ̀tì VHS. Òun nìkan ló ṣẹ́ kù tó ń ṣe é lágbàáyé. Láti ìgbà náà, bí ẹ̀rọ VHS bá bàjẹ́, àlòkù la óò fi rọ́pò rẹ̀. Ṣùgbọ́n kásẹ́ẹ̀tì fúnra rẹ̀ ò tíì tán nílé wa. Ó wà lókè kọ́bọ́ọ̀dù, ó wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó wà nínú páálí pẹ̀lú àwọn VCD tó dé lẹ́yìn rẹ̀. Ìgbéyàwó Bùrọ̀dá wà níbẹ̀, ìsìnkú Bàbá àgbà wà níbẹ̀, ìkómọ ọmọ tó ti di ìyá ọmọ báyìí wà níbẹ̀. Àwọn fíìmù tí a fi owó ara wa rà náà wà níbẹ̀: Ti Olúwa Ni Ilẹ̀ ti ọdún 1993, Ó Le Kú ti 1997, Ṣaworoidẹ ti 1999.

Ohun tí ètò àkànṣe tòní fẹ́ sọ ni pé fíìmù tí ẹ rà àti fídíò tí ẹ sanwó fún oníkámẹ́rà láti yà, tiyín ni. Ó yẹ kí ẹ lè wò ó nílé yín, nígbà tó bá wù yín, láìná dátà, láìsí ẹnikẹ́ni tó ń ṣọ́ yín bí ẹ ṣe ń wò ó. Sọ́fítíwíà tí a óò fi ṣe é ti wà nílẹ̀, ọ̀fẹ́ sì ni.

[Ìró: ẹnu ẹ̀rọ sídì ń ṣí, sídì wọlé, ẹ̀rọ ń yí]

OLÓÒTÚ: Ẹ jẹ́ ká mú VCD lákọ̀ọ́kọ́, torí òun ló pọ̀ jù, òun ló sì rọrùn jù. Ọdún 1993 ni wọ́n ṣe ìlànà rẹ̀. Sídì kan ò gbà ju nǹkan bí ìṣẹ́jú 74 lọ. Ìdí nìyẹn tí fíìmù kan fi máa ń jẹ́ sídì méjì, tí a óò dìde lọ pààrọ̀ rẹ̀ níbi tí ọ̀rọ̀ ti dùn dé góńgó.

Ẹ fi sídì náà sínú kọ̀ǹpútà. Bí láptọ́ọ̀pù yín ò bá ní ẹnu sídì, èyí tí wọ́n ń fi wáyà USB so mọ́ ọn wà lọ́jà. Ẹ má tíì ní kó máa ṣeré o. Ẹ ṣí inú rẹ̀ bí ẹ ṣe ń ṣí fláàṣì. Ẹ óò rí àwọn fódà tí orúkọ wọn ṣàjèjì. Èyí tí à ń wá ni MPEGAV. Nínú rẹ̀, fáìlì kan wà tó ń jẹ́ AVSEQ01.DAT. Fíìmù yín nìyẹn. Nígbà míì, 01 á jẹ́ ìpolówó iléeṣẹ́ tó gbé e jáde, 02 á wá jẹ́ fíìmù gan-an. Èyí tó bá tóbi jù ni kí ẹ mú. Ẹ kọ́pì í sórí kọ̀ǹpútà, ẹ yí orúkọ rẹ̀ padà sí orúkọ fíìmù náà, iṣẹ́ ti parí. VCD ò ní àgádágodo kankan.

Bí kọ́pì náà bá dúró lágbedeméjì, sídì ti ha nìyẹn. Ẹ mú aṣọ rírọ̀ tó mọ́, ẹ fi omi díẹ̀ sí i, ẹ nù ún láti àárín lọ sí etí. Ẹ má nù ún yípo, bí a ṣe máa ń nu abọ́. Ohun tó wà lára sídì, yípo yípo ni wọ́n kọ ọ́. Bí ibi tó ha bá gba ọ̀nà kan náà lọ, ó ń pa ọ̀pọ̀ rẹ̀ rẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Ṣùgbọ́n bó bá dábùú rẹ̀, díẹ̀ ló ń bà jẹ́, ẹ̀rọ sì sábà máa ń lè ṣe àtúnṣe ìyẹn fúnra rẹ̀.

Kí ẹ má sì retí pé àwòrán náà á mọ́ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Àwòrán VCD jẹ́ ẹyọ àwọ̀ 352 ní ìbú, 288 ní òró. Bí ẹ bá kó 20 irú rẹ̀ jọ, kò tíì kún ojú tẹlifíṣọ̀n HD kan ṣoṣo. Kò sí sọ́fítíwíà tó lè dá ohun tí kámẹ́rà ò rí padà.

[Orin díẹ̀, ó rọlẹ̀]

OLÓÒTÚ: Fáìlì DAT yẹn, ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ ni kò mọ ohun tí wọn yóò fi í ṣe. Sọ́fítíwíà tí a fi ń wo fíìmù, tó ń jẹ́ VLC, mọ̀ ọ́n. Ẹ ti rí i rí: èyí tí àmì rẹ̀ jẹ́ ṣóńṣó aláwọ̀ ọsàn tí àwọn òṣìṣẹ́ ojú pópó máa ń tò sí ojú títì. Mo fẹ́ kí a dúró díẹ̀ lórí ìtàn rẹ̀.

Ní ọdún 1996, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ École Centrale Paris ní ilẹ̀ Faransé ń ráhùn pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì ilé ìgbé wọn ń falẹ̀. Géèmù tí wọ́n ń bá ara wọn ta lórí kọ̀ǹpútà kì í lọ geere. Ilé ìwé ní kò sówó, kí wọ́n lọ wá ọlọ́wọ́ tí yóò ràn wọ́n lọ́wọ́. Láti ibẹ̀ ni èrò ti wá pé dípò kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan ra díìṣì tirẹ̀, kí díìṣì ńlá kan máa gba tẹlifíṣọ̀n sátẹ́láìtì, kí nẹ́tíwọ́ọ̀kì sì máa pín in dé gbogbo yàrá. Wọ́n kọ sọ́fítíwíà tí yóò ṣe iṣẹ́ náà. Ní ọdún 1998, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó tẹ̀ lé wọn tún un kọ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kejì ọdún 2001, ilé ìwé gbà kí wọ́n tú u sílẹ̀ fún gbogbo ayé lábẹ́ ìwé àṣẹ tí wọ́n ń pè ní GPL. Ṣóńṣó yẹn náà, ọwọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ló ti wá. Wọ́n ti kó o jọ láti ojú títì wá sí ilé ìgbé wọn.

Ìwé àṣẹ GPL ló jẹ́ kí ìtàn yìí kàn wá. Ohun tó sọ ni pé gbogbo ohun tí wọ́n kọ láti fi ṣe sọ́fítíwíà náà gbọ́dọ̀ wà ní gbangba. Ẹnikẹ́ni lè kà á, ẹnikẹ́ni lè tún un ṣe, ẹnikẹ́ni lè pín in fún ẹlòmíràn. Ẹni tó bá sì tún un ṣe tó pín in kò gbọdọ̀ sé e mọ́ aráàlú. Nítorí náà, bí ẹnì kan bá ki nǹkan amí bọ̀ ọ́ nínú, ojú tó ń wò ó pọ̀. Jean-Baptiste Kempf, tó ń ṣáájú ẹgbẹ́ VideoLAN tó ń ṣe VLC, ti sọ ní gbangba pé òun kọ ọ̀pọ̀ mílíọ̀nù owó yúrò tí wọ́n fi lọ òun kí ìpolówó lè wọ inú VLC. Ní oṣù kìíní ọdún 2025, ẹgbẹ́ náà kéde pé iye ìgbà tí aráyé ti gba VLC sórí ẹ̀rọ ti kọjá bílíọ̀nù 6. Lójú tèmi, kò pọ̀ lára àwọn oníkọ̀ǹpútà ayé yìí tó ṣe ọmọ aráyé lóore tó bẹ́ẹ̀ tí wọn ò sì bèèrè nǹkan kan lọ́wọ́ wa.

DVD le díẹ̀. Àwọn iléeṣẹ́ fíìmù ńlá ti í pa, wọ́n sì tún pín ayé sí agbègbè agbègbè: Amẹ́ríkà wà ní agbègbè 1, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wà ní 2, Nàìjíríà wà ní 5. Àǹtí tó wà ní London lè fi DVD ránṣẹ́ sílé, kí ẹ̀rọ ilé sì kọ̀ ọ́ jálẹ̀, bẹ́ẹ̀ owó ni wọ́n fi rà á. Ní ọdún 1999, ọmọ ọdún 15 kan ní Norway, Jon Lech Johansen, wà lára àwọn tó tú àgádágodo DVD. Wọ́n gbé e lọ sí kóòtù. Ní ọdún 2003, kóòtù dá a láre, wọ́n pẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn, ó tún jàre. VLC ní ọ̀nà tirẹ̀ láti ṣí DVD, nígbà púpọ̀ ni kì í sì í ka ti agbègbè sí.

Mo gbọ́dọ̀ sọ èyí láìfepo bọyọ̀: kíkó fíìmù tí ẹ rà sórí kọ̀ǹpútà ilé yín kí ó má baà ṣègbé yàtọ̀ pátápátá sí ṣíṣe ẹ̀dà rẹ̀ tà. Ayédèrú ti dá àwọn òṣèré àti olùgbéré-jáde wa lóró. Túndé Kèlání fúnra rẹ̀, tó darí fíìmù mẹ́ta tí mo dárúkọ níbẹ̀rẹ̀, ti figbe ta nípa rẹ̀ láìmọye ìgbà. Ẹ má fi ohun tí ẹ gbọ́ lónìí ṣe irú iṣẹ́ yẹn.

[Ìró: ìjì ọ̀sán, jẹnẹrétọ̀ àdúgbò lókèèrè]

OLÓÒTÚ: Fíìmù ti wà lórí kọ̀ǹpútà. Báwo ni gbogbo ilé yóò ṣe máa wò ó? Ẹ wá láptọ́ọ̀pù àtijọ́ kan, èyí tí àwọn ọmọ ti sọ pé ó ń falẹ̀. Ẹ kó àwọn fíìmù náà sí i, kí ẹ sì fi Jellyfin sí i, sọ́fítíwíà ọ̀fẹ́ tó ń pín fíìmù láti orí kọ̀ǹpútà kan dé àwọn ẹ̀rọ yòókù nínú ilé. Oṣù kejìlá ọdún 2018 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ Jellyfin, nígbà tí àwọn tó ni Emby, tí í ṣe sọ́fítíwíà irú rẹ̀, ti ilẹ̀kùn iṣẹ́ wọn mọ́ aráàlú. Àwọn kan mú ẹ̀dà tó ṣì wà ní gbangba, wọ́n sì ń bá iṣẹ́ lọ. Ìwé àṣẹ tí mo sọ̀rọ̀ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ló fún wọn láyè.

Ẹ óò ṣí ojú ìwé íntánẹ́ẹ̀tì lórí fóònù, ẹ tẹ àdírẹ́sì láptọ́ọ̀pù náà, ẹ fi :8096 kún un, gbogbo fíìmù ilé á tò sílẹ̀. Bí fóònù àti láptọ́ọ̀pù bá ti wà lórí Wi-Fi kan náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé dátà ti tán lórí ráútà, fíìmù á máa lọ. Bí NEPA bá sì mú iná lọ, bátìrì láptọ́ọ̀pù á gbé e ró fúngbà díẹ̀, bí ráútà náà bá ní bátìrì tirẹ̀. Ìdí tí mo fi fẹ́ràn láptọ́ọ̀pù ju kọ̀ǹpútà orí tábìlì nìyẹn. Jellyfin kì í ní kí ẹ lọ forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ iléeṣẹ́ kankan. Ẹ má kàn ṣí i sí íntánẹ́ẹ̀tì ìta bí ẹ ò bá ní ẹni tó mọ̀ ọ́n dáadáa lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín.

Ọ̀rọ̀ ìṣọ́ni tí mo mẹ́nu bà níbẹ̀rẹ̀ kì í ṣe àsọdùn. Ní oṣù kejì ọdún 2017, iléeṣẹ́ Vizio tó ń ṣe tẹlifíṣọ̀n ní Amẹ́ríkà gbà láti san mílíọ̀nù 2.2 owó dọ́là lẹ́yìn tí ìjọba fẹ̀sùn kàn án pé tẹlifíṣọ̀n rẹ̀ mílíọ̀nù 11 ń ka ohun tí àwọn ènìyàn ń wò ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan, láìgbàṣẹ lọ́wọ́ wọn. Ó ń ka ohun tó wá láti ara DVD pàápàá. Tẹlifíṣọ̀n ìgbàlódé púpọ̀ ló ní irú nǹkan bẹ́ẹ̀. LG ń pe tirẹ̀ ní Live Plus. Ẹ wọ ibi ètò inú tẹlifíṣọ̀n yín lálẹ́ òní, kí ẹ pa á.

[Orin wọlé díẹ̀díẹ̀]

OLÓÒTÚ: Kásẹ́ẹ̀tì VHS ló kù. Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò kí ẹ tó fi í sẹ́nu ẹ̀rọ. Bí ẹ bá rí èébu funfun lára téèpù rẹ̀, ẹ má fi í síbẹ̀, yóò ba ẹ̀rọ jẹ́, ara ẹ̀rọ ni yóò sì ti ran kásẹ́ẹ̀tì mìíràn. Èyí tó bá mọ́, ẹ so ẹ̀rọ pọ̀ mọ́ kọ̀ǹpútà pẹ̀lú wáyà pupa, yẹ́lò àti funfun nípasẹ̀ ẹ̀rọ kékeré USB tó ń gba fídíò, kí sọ́fítíwíà OBS Studio máa gbà á sílẹ̀. Kásẹ́ẹ̀tì wákàtí mẹ́ta á gba wákàtí mẹ́ta. Kò sí ọ̀nà àbùjá.

Nítorí náà, ẹ má fi ti fíìmù ọjà ṣáájú. Ẹlòmíràn lè ní ẹ̀dà rẹ̀. Ti ẹbí ni kí ẹ kọ́kọ́ gbà, torí ẹ̀dà kan ṣoṣo ló wà láyé. Bí kásẹ́ẹ̀tì bá ń lọ, ẹ ní kí ìyá tàbí bàbá yín jókòó tì yín. Ẹ bi wọ́n pé ta ni ẹni tó dé gèlè aláwọ̀ ewé yẹn, ta ni bàbá tó ń gbàdúrà. Jellyfin ní àyè tí ẹ lè kọ irú àlàyé bẹ́ẹ̀ sí lábẹ́ fídíò kọ̀ọ̀kan. Ẹ tún kọ ọ́ sínú ìwé. Lẹ́yìn náà, ẹ ṣe ẹ̀dà méjì, kí ọ̀kan má gbé inú ilé kan náà pẹ̀lú èkejì. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kó di ọdún tó ń bọ̀. Àwọn tó lè dárúkọ àwọn ènìyàn inú fídíò yẹn ń dàgbà.