Bí A Ti Ń Wọn Agbára Ọmọ



Bí a bá gbé ọmọ ọwọ́ dé ilé ìwòsàn, wọn a gbé e sórí òṣùwọ̀n, wọn a sì sọ bí ó ti wúwo tó. Òṣùwọ̀n wo wá ni a fi ń mọ̀ bóyá ọmọ lè dá rìn dé ilé-ìwé, tàbí kí ó dá wọ aṣọ rẹ̀?

Òṣùwọ̀n náà wà. Ìbéèrè ni. Ní ọdún 2016, àjọ UNICEF àti ẹgbẹ́ tí à ń pè ní Washington Group gbé ìbéèrè jáde fún ìyá tàbí alágbàtọ́ ọmọ ọdún 2 sí 17. Wọn kì í béèrè pé, “Ṣé arọ ni ọmọ yìí?” Irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ a máa mú ìtìjú wá, ìyá mìíràn a sì fi ọmọ rẹ̀ pa mọ́. Bí ọmọ bá ti tó ọdún 5, ohun tí wọn ń béèrè ni pé: bí a bá fi í wé àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, ǹjẹ́ ó nira fún un láti rin 100 mítà lórí ilẹ̀ títẹ́jú, bí gígùn pápá bọ́ọ̀lù kan? Ìdáhùn mẹ́rin ni ó wà: kò nira, ó nira díẹ̀, ó nira púpọ̀, kò lè ṣe é rárá. Bí ọmọ bá ń lo ọ̀pá, wọn a béèrè bí ó ti ń rìn láìsí ọ̀pá, wọn a sì tún béèrè bí ó ti ń rìn pẹ̀lú rẹ̀. Nípa bẹ́ẹ̀ ni a ó fi mọ iṣẹ́ tí ọ̀pá náà ń ṣe. Gbogbo ọmọ ni wọn ń béèrè nípa wọn, àti èyí tí ara rẹ̀ le, àti èyí tí kò le.

Ṣùgbọ́n “ilẹ̀ títẹ́jú” ni ìbéèrè wí. Ta ni ó mọ Ẹ̀fọ̀n-Aláayè tí kò mọ òkè? Ọmọ tí ó rin pápá bọ́ọ̀lù já lè má lè gbé àpò ìwé gun òkè. Nítorí náà, kí olùkọ́ ní Ìjerò, ní Àrámọkọ tàbí ní Ẹ̀fọ̀n tún béèrè sí i. Ọ̀nà wo ni ọmọ yìí ń gbà wá? Àtẹ̀gùn mélòó ni ó wà lẹ́nu ọ̀nà kíláàsì rẹ̀? Bí ó bá jẹ́ àtẹ̀gùn ni ó ń dí i lọ́wọ́, àtẹ̀gùn ni kí á tún ṣe. Kí á má ṣe dá ọmọ padà sílé. Òfin orílẹ̀-èdè wa ti ọdún 2019 fún aláàbọ̀ ara ní ẹ̀tọ́ sí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ títí dé ilé-ìwé girama.

Ẹ̀yin ọmọ ilé-ìwé, ẹ má ṣe fi ẹgbẹ́ yín tí ń tiro ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹ bá a gbé àpò rẹ̀ bí ẹ bá dé ìdí òkè.

Ẹ̀yin òbí, ọmọ ẹni kò ní ṣe ìdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀ kí á fi ìlẹ̀kẹ̀ sí ìdí ọmọ ẹlòmíràn. Bí wọ́n bá bi yín léèrè nípa ọmọ yín, ẹ sọ òtítọ́, nítorí ohun tí a kò bá kà mọ́ra, a kì í pèsè fún un.