Bí Fíríìjì Bá Kọ̀ Tí Kò Tutù Mọ́

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ohun tí a bá fi agbára mú ní í le koko bí ojú ẹja. Òwe yìí bá ọ̀rọ̀ fíríìjì mu. Ní ọjọ́ tí fíríìjì bá kọ̀ tí kò tutù mọ́, kì í ṣe omi mímu nìkan ni ó wọ ewu. Ẹran àti ọbẹ̀ ń bẹ nínú rẹ̀. Bí alárùn àtọ̀gbẹ bá sì wà nínú ilé, ó ṣeé ṣe kí oògùn ínsúlínì rẹ̀ wà níbẹ̀ pẹ̀lú.

Fíríìjì kì í dá òtútù sílẹ̀. Ooru inú rẹ̀ ni ó ń kó dà sí ìta. Gáàsì kan ń yí po nínú páìpù rẹ̀, ẹ̀rọ dúdú tí ń kùn ní ìsàlẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀, tí à ń pè ní kọ̀ǹpírẹ́sọ̀, ni ó sì ń tì í kiri. Gáàsì yìí a gba ooru nínú, a sì tú u dànù lẹ́yìn. Ẹni tí ó bá mọ èyí yóò mọ ìbéèrè tí ó yẹ kí ó bèèrè.

Èkíní, ǹjẹ́ iná dé ọ̀dọ̀ rẹ̀? Gílóòbù inú rẹ̀ lè tàn, kí iná má sì tó gbé kọ̀ǹpírẹ́sọ̀. Bí kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ bá kùn díẹ̀ tí ó dákẹ́, tí ó tún kùn tí ó tún dákẹ́, kí onílé tètè pa á, kí ó má baà jóná. Bí iná bá lọ tí ó sì dé, kí ó dúró fún ìṣẹ́jú 5 kí ó tó tàn án, kí agbára gáàsì inú páìpù lè rọlẹ̀.

Èkejì, ǹjẹ́ ooru rí ọ̀nà jáde? Fíríìjì tí a tì mọ́ ògiri, tí eruku sì bo páìpù ẹ̀yìn rẹ̀, kò lè mí. Kí a yọ wáyà rẹ̀ kúrò lára iná, kí a fi búrọ́ọ̀ṣì gbá eruku náà, kí a sì fà á kúrò lára ògiri.

Ẹ̀kẹta, ǹjẹ́ ooru ń wọlé padà? Kí a fi bébà há ẹnu ilẹ̀kùn, kí a sì tì í. Bí bébà náà bá yọ wọ́ọ́rọ́wọ́, rọ́bà ẹnu ilẹ̀kùn kò dára mọ́. Bí yìnyín bá sì dì jọ, kí a pa á, kí a ṣí i sílẹ̀ kí ó yọ́ fúnra rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ti fi ọ̀bẹ gún páìpù níbi tí wọ́n ti ń họ yìnyín.

Bí kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ bá ń ṣiṣẹ́ láìsinmi, tí ẹ̀yìn kò gbóná, tí inú kò sì tutù, ó ṣeé ṣe kí gáàsì ti jò. Iṣẹ́ oníṣẹ́ fíríìjì ni èyí. Ṣùgbọ́n kí onílé rántí pé gáàsì kì í tán bí epo mọ́tò. Bí ó bá dín, ihò ń bẹ níbì kan. Oníṣẹ́ tí ó bá rọ gáàsì láìwá ihò dí, owó onílé ni ó fi ṣòfò. Àwọn fíríìjì kan tún ń lo gáàsì R600a, èyí tí í gbaná. Iná kò gbọdọ̀ sún mọ́ ọn.

Ní ti oúnjẹ, fíríìjì tí a kò ṣí lè pa òtútù mọ́ fún nǹkan bíi wákàtí 4. Lẹ́yìn èyí, kí a da ẹran, ẹja àti ọbẹ̀ nù, nítorí májèlé tí àwọn kòkòrò kan ń tú sínú oúnjẹ kì í kú nínú iná ọbẹ̀. Kí a má ṣe kó ínsúlínì sínú yìnyín, nítorí èyí tí ó bá dì ti bàjẹ́. Kí a tọ apòògùn lọ.

Owó ẹran kan ṣoṣo kò tó owó ìtọ́jú inú rírun. Ẹni tí ó bá fi sùúrù wádìí yóò mọ èyí tí ọwọ́ ara rẹ̀ ká, yóò sì mọ èyí tí ó yẹ kí ó gbé fún oníṣẹ́.