Ìwé àti ìfẹ́ nínú ilé

Ọ̀rọ̀ ilé mi ni mo fẹ́ sọ.

Mo fẹ́ràn ìwé púpọ̀. Ìyàwó mi kò mọ̀wé. Bí ó bá ń bá mi sọ̀rọ̀ lálẹ́, mo ti fa fìtílà mọ́ra, mò ń kàwé. Lọ́jọ́ kan ó ní: "Baba ọmọ mi, ṣé èmi lẹ gbé níyàwó ni, àbí ìwé?" Mo fi í rẹ́rìn-ín.

Ọmọ wa pé oṣù mẹ́sàn-án. Ìgbà náà ni wọ́n ń gún ọmọ lábẹ́rẹ́ èéyi. Èmi tí mo lè ka káàdì, mo gbàgbé. Ìyàwó mi ti fi ọjọ́ ọjà ka ọjọ́ náà, kò ṣì í. Òun ló pọn ọmọ lọ. Ojú tì mí.

Láti ìgbà náà, mò ń kàwé sókè kí òun náà gbọ́. Bí ìwé bá sọ ti àgbàdo, á ní: "Òótọ́ ni," tàbí: "Ẹni yìí kò roko rí!" A jọ ń rẹ́rìn-ín. Ní báyìí, ó ti ń kọ orúkọ ara rẹ̀.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀wé, ẹ má fi ìwé gan ẹnìkejì yín. Ẹ̀yin tí ẹnìkejì yín ń kàwé, ẹ má jowú ìwé. Ẹ ní kó kà á sókè.

Ẹ jẹ́ ká jíròrò: Ta ló ń kàwé nílé yín? Ta ló ń gbọ́ ọ?