"Èmi Náà" Nínú Èdè Gẹ̀ẹ́sì



Bí ẹnì kan bá ní, "Mo fẹ́ràn ẹ̀wà," tí ẹ̀yin náà sì fẹ́ràn rẹ̀, "Èmi náà" ni ẹ ó fi dá a lóhùn. Bó bá ní, "Mi ò fẹ́ràn ẹ̀wà," tó sì rí bẹ́ẹ̀ lọ́dọ̀ yín, "Èmi náà" yìí kan náà ni, bóyá kí ẹ fi "ò fẹ́ràn rẹ̀" gbè é lẹ́yìn. Ohun tí "náà" ń wí ni pé ẹnu wa kò. Ìyísódì inú ọ̀rọ̀ náà kò kàn án.

Ó kan Gẹ̀ẹ́sì gidigidi. Bí gbólóhùn ẹni tó kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ kò bá ní ìyísódì, "Me too" tàbí "So do I" ló bá a mu. Bó bá ní in, "Me neither" tàbí "Neither do I" ni. Ẹni tó bá fẹ́ kí olùwà ṣáájú lè sọ pé "I do, too" tàbí "I don't, either". "Either" nílò "not" lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. "Neither" kò fẹ́ ẹ, torí ó ti gbé ìyísódì tirẹ̀ dání. Ṣùgbọ́n mo máa ń gbọ́ "Neither I don't" lẹ́nu àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Èmi ò lè pè é ní àìgbọ́n. "Èmi náà ò" ló wà lọ́kàn wọn, wọn ò sì fẹ́ kí "ò" yẹn sọnù.

Ti aṣèrànwọ́ ìṣe kò le púpọ̀: èyí tó wà nínú gbólóhùn àkọ́kọ́ ni kí ẹ dá padà. "I can swim" gba "So can I". "I am tired" gba "So am I". Bí kò bá sí ìkankan níbẹ̀, ẹ lo "do", "does" tàbí "did", bí olùwà àti àsìkò bá ṣe rí.

Èyí tó dùn mọ́ mi jù ni pé kí ni Gẹ̀ẹ́sì gan-an ń kà sí ìyísódì? Edward Klima, onímọ̀ ẹ̀dá-èdè ará Amẹ́ríkà, wà lára àwọn tó fi "either" àti "neither" dán èyí wò, nínú iṣẹ́ rẹ̀ tó jáde ní 1964. Ẹ gbé "She is unhappy" yẹ̀ wò. Àwa á ní inú rẹ̀ ò dùn, a ó sì fẹ́ sọ "Neither am I". Àṣìṣe ni. "So am I" ni, nítorí inú ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni àfòmọ́ "un-" há sí. Agbára rẹ̀ kò dé ara gbólóhùn. Ṣùgbọ́n "He hardly eats meat" kò ní "not" rárá, ẹni náà tilẹ̀ ń jẹ ẹran díẹ̀, síbẹ̀ "Neither do I" ló gbà. Bẹ́ẹ̀ náà ni "seldom" àti "never". Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá ń wá "not" kiri yóò ṣì í nínú gbogbo wọn.

Bíi "náà" ni "bẹ́ẹ̀ ni" wa ṣe rí: ó ń gbà pẹ̀lú ohun tí a sọ, ìyísódì ì báà wà níbẹ̀. Nílé ẹjọ́, èyí kọjá máàkì ìdánwò. Bí agbẹjọ́rò bá bi ẹlẹ́rìí pé, "Ṣé ẹ ò rí i?", tí ẹlẹ́rìí fèsì pé, "Bẹ́ẹ̀ ni," ohun tó ń sọ ni pé òun ò rí i. Bí ògbufọ̀ bá sọ ọ́ di "Yes" lásán, adájọ́ lè kọ ọ́ sílẹ̀ pé ó rí i. Ìdí nìyí tí mo fi ń bẹ àwọn ògbufọ̀ pé kí wọ́n má fi "yes" tàbí "no" nìkan sílẹ̀, kí wọ́n parí gbólóhùn náà: "I did not see him."