Nípa Kíkọ́ Àwọn Ọmọ Wa Ní Bí A Ti Ń Wa Ohun Àtijọ́ Nínú Ilẹ̀



Àwọn kan nínú ìjọ ti bi wá pé, kí ni ọmọ onígbàgbọ́ ń wá nínú ilẹ̀ tí àwọn abọ̀rìṣà sin ohun wọn sí? A kò fojú kékeré wo ìbéèrè náà. Ṣùgbọ́n ìkòkò tí àwọn ìyá wa àtijọ́ fi se ọbẹ̀ kì í ṣe òrìṣà, eérú ààrò wọn kì í sì í ṣe ẹbọ.

Ní 1938, ní agbo ilé Wúnmọníjẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀, àwọn tí ń gbẹ́ ìpìlẹ̀ ilé kan àwọn orí idẹ tí ẹwà wọn ya ayé lẹ́nu. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó kọ ọ́ sílẹ̀ bí ọ̀kọ̀ọ̀kan ti jìn tó, tàbí ohun tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Nítorí náà àwọn ọ̀mọ̀wé ṣì ń jiyàn lórí wọn títí di òní. Ẹ fi èyí wé Igbó Olókun ní ìlú kan náà, níbi tí Abídèmí Babalọlá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti rọra wa ilẹ̀ ní ìpele ìpele. Ìlẹ̀kẹ̀ tí ó lé ní 12,000 ni wọ́n kó jọ, pẹ̀lú àfọ́kù ìkòkò tí a fi ń yọ́ gíláàsì. Àyẹ̀wò wọn sì fi hàn pé àwọn baba wa ni ó ń ṣe gíláàsì náà fúnra wọn, kí òyìnbó tó dé etíkun wa.

Irú sùúrù yìí ni a fẹ́ kí àwọn ọmọ ọdún 11 sí 14 fi ọwọ́ ara wọn kọ́. Kì í ṣe ní ilẹ̀ àtijọ́ gan-an, ẹ má ṣe gbọ́ wa ní òdì. Òfin Nàìjíríà ka ìyẹn léèwọ̀ láìgba àṣẹ. Kí olùkọ́ gbẹ́ kòtò sí ẹ̀yìn ilé-ẹ̀kọ́, kí ó to àfọ́kù ìkòkò àti èédú sí ìsàlẹ̀, kí ó da iyẹ̀pẹ̀ pupa lé e, kí ó sì fi ìlẹ̀kẹ̀ àti ìdérí ìgò sókè. Kí àwọn ọmọ fi okùn pín in sí igun mẹ́rin mẹ́rin, kí wọ́n fi irin pẹlẹbẹ àwọn bíríkìlà ha á, kí wọ́n fi ajọ̀ jọ erùpẹ̀ rẹ̀, kí wọ́n sì ya àwòrán ohun kọ̀ọ̀kan sínú ìwé kí ọwọ́ ẹnikẹ́ni tó kàn án. Yóò ṣe wọ́n bí ìyà! Ọmọ tí ó bá rí ìlẹ̀kẹ̀ yóò fẹ́ fà á yọ, kí ó sáré fi han ẹgbẹ́ rẹ̀. Kí olùkọ́ wá bi í pé, "Kí ni ó wà lábẹ́ rẹ̀?" Bí ó bá ti fà á yọ, kò ní èsì.

Ẹ̀rù ń ba àwọn mìíràn pé a ó sọ wọ́n di ahúlẹ̀-tà. Àwa rò pé ọmọ tí ojú ti tì nídìí kòtò yẹn yóò mọ ohun tí olè ère ń bàjẹ́. Okùn, rúlà àti ajọ̀ méjì tó fún ìbẹ̀rẹ̀. Ilé-ẹ̀kọ́ tí ó bá ṣetán lè gbẹ́ kòtò tirẹ̀ kí sáà yìí tó parí.