Ẹja Abo Inú Omi Tí Kò Jìn
Ọ̀rọ̀ tí a sọ níbi ìfilọ́lẹ̀ owó ilé ìpàdé ẹgbẹ́ ọmọ Yorùbá, Port Harcourt

Akọ̀wé ní kí n sọ̀rọ̀ lórí òwò tí mo mọ̀. Àwọ̀n, òjé àti okùn ìpẹja ni mo ń tà. Ẹja abo ni mo yàn, nítorí pé nínú wa ni ẹni tí ń pa á, ẹni tí ń yan án àti ẹni tí ń jẹ ẹ́ wà.

Gbogbo yín ni ẹ mọ abo lọ́jà: ẹja pẹlẹbẹ tí ó gùn bí ahọ́n màlúù. Ojú rẹ̀ méjèèjì wà ní ẹ̀gbẹ́ òsì. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀ ni ó ṣe wá sáyé o! Nígbà tí ó kéré jọjọ, ojú kan wà lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì, ó sì ń lúwẹ̀ẹ́ bí ẹja yòókù. Bí ó ti ń dàgbà ni ojú ọ̀tún ń rìn lọ bá èkejì, tí ẹja náà yóò sì fi ẹ̀gbẹ́ lélẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ òkè ní àwọ̀ ẹrẹ̀, tó bẹ́ẹ̀ tí ènìyàn lè tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ kí ó tó rí i.

Bí omi òkun bá ń kún, abo a tẹ̀lé e dé orí ẹrẹ̀ lẹ́bàá igi ẹ̀gbà, láti jẹ ekòló, edé àti akàn kéékèèké. Bí omi bá ń fà, a padà sí ibi jíjìn. Apẹja tí ó gbọ́n kì í lé e. Àwọ̀n tí òjé rẹ̀ wúwo ni yóò fi dí ẹnu ọ̀nà omi, kí ẹsẹ̀ àwọ̀n lè jókòó sórí ẹrẹ̀. Bí ó bá léfòó, abẹ́ rẹ̀ ni abo yóò gbà lọ. Àwọn Ìlàjẹ àárín wa mọ èyí jù mí lọ.

Ṣùgbọ́n omi tí kò jìn yìí kan náà ni ọmọ abo ti ń dàgbà. Àwọ̀n tí ìka kan kò lè wọ ojú rẹ̀ ni àwọn kan ń béèrè lọ́wọ́ mi báyìí. Àwọn mìíràn tilẹ̀ ń fi nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn pẹja. Èmi kì í tà á. Wọ́n á ní ẹlòmíràn yóò tà á. Òótọ́ ni, ó wà ní ṣọ́ọ̀bù tí ó kángun sí tèmi. Ẹ̀yin ìyá tí ń yan ẹja, ẹ sọ fún wa: abo tí kò ju ìka lọ, kí ni ó ń kù nínú rẹ̀ bí ó bá kúrò lórí iná?

Òfin Ìpẹja Òkun ti 1992 ní kí tíróólà má ṣe pẹja láàárín máìlì òkun 5 sí etí ilẹ̀, kí ojú àwọ̀n ẹja wọn sì tó mílímítà 76. Bí a bá ń ké pe ìjọba nítorí wọn, tí àwa náà ń fi nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn gbá ọmọ ẹja, ta ni yóò gbọ́ tiwa?

Àyè ọmọ ẹja sì ti dínkù. Ní Bodo, epo rọ̀bì tú sómi lẹ́ẹ̀mejì ní 2008, igi ẹ̀gbà kú lọ bẹẹrẹ. Ní 2015 ni ilé iṣẹ́ epo gbà láti san £55 mílíọ̀nù. Owó kì í bí ẹja.

Àlejò ni wá lórí omi yìí. Bí ẹja bá wọ́n, àwọ̀n àlejò ni wọn yóò kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Nítorí náà mo bẹ ẹgbẹ́ kí a kọ ọ́ sínú ìwé òfin wa: kí ọmọ ẹgbẹ́ má ta àwọ̀n tí ìka méjì kò lè wọ ojú rẹ̀, kí a má sì ra abo tí kò gùn tó àtẹ́lẹwọ́, kí àwọn àgbà wa sì lọ fi tó àwọn onílẹ̀ létí.

Mo mú irú àwọ̀n méjèèjì wá. Wọ́n wà lórí tábìlì akọ̀wé, kí ẹ fi ìka yín wò ó kí ẹ tó lọ.