KÍ A TÈTÈ MÁA WO Ẹ̀YÌN ÀWỌN ỌMỌ WA
(Ọ̀rọ̀ tí Akọ̀wé ẹ̀ka wa sọ ní ìpàdé gbogbogbòò, Sábọ́n-Gàrí, Kánò)

 

Ìgbìmọ̀ ní kí n sọ̀rọ̀ lórí ìlera àwọn ọmọ. Èmi kì í ṣe dókítà. Aṣọ ni mo ń tà, ìwé mẹ́fà ni mo sì kà. Ohun tí mo fẹ́ sọ yìí, inú ìwé ni mo ti kà á, mo sì bi àwọn nọ́ọ̀sì léèrè dáadáa kí n tó dìde níwájú yín.

Àrùn kan wà tí àwọn dókítà ń pè ní sikolíósìsì. Ọ̀pá ẹ̀yìn ọmọ ni yóò máa wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan, bí lẹ́tà C tàbí S, tí yóò sì máa lọ́ díẹ̀ bí ìgbà tí a ń fún aṣọ. Egungun ìhà apá kan á wá yọ sókè ju èkejì lọ. Kì í ṣe gbogbo ẹ̀yìn tó tẹ̀ díẹ̀ ni à ń pè bẹ́ẹ̀. Ó gbọ́dọ̀ tó dígírì 10 nínú àwòrán ẹ́síréè. Nínú 100 ọmọ tó ń bàlágà, bí 2 tàbí 3 ni ó máa ń ní in. Ẹ jẹ́ kí a ṣe ìṣirò ọjà: bí ọmọ tó wà ní ọjọ́ orí yẹn nílé wa bá jẹ́ 200, yóò tó 4 sí 6 nínú wọn. Ti ọ̀pọ̀ kò ní le rárá. Ṣùgbọ́n ti àwọn díẹ̀ yóò máa wọ́ sí i bí wọ́n ti ń ga, àwọn ọmọbìnrin ni ó sì pọ̀ jù nínú àwọn tí tiwọn ń le.

Ohun tó gbà mí lọ́kàn jù ni ìgbà tí ó ń bẹ̀rẹ̀. Ìyá tó ń wẹ ọmọ rẹ̀ mọ gbogbo àmì tó wà lára ọmọ náà. Nígbà tí ọmọ bá fi máa pé ọdún 10, ó ti ń gbé omi tirẹ̀ lọ sí balùwẹ̀, ó sì ń ti ilẹ̀kùn. Ó dára bẹ́ẹ̀. A kò kọ́ ọmọ wa pé kó máa bọ́ra sílẹ̀. Àmọ́ láti ọdún 10 lọ sókè gan-an ni ẹ̀yìn ń bẹ̀rẹ̀ sí wọ́, kì í sì í sábà dun ọmọ ní ìbẹ̀rẹ̀. Ọmọ kò lè rí ẹ̀yìn ara rẹ̀. Bàbá kò rí i, ìyá kò rí i, ṣẹ́ẹ̀tì nìkan ni tíṣà ń rí.

Ta ló wá ń rí i? Aránṣọ ni. Èmi ni mo ń ta aṣọ yunifọ́ọ̀mù fún púpọ̀ nínú wọn nígbà tí ilé-ìwé bá fẹ́ wọlé, mo sì ti gbọ́ ọ lẹ́nu wọn ju ẹ̀ẹ̀kan lọ: “Mo gé aṣọ ọmọ yìí dọ́gba, etí rẹ̀ sì ga lápá kan.” Wọ́n á tú u, wọ́n á fi díẹ̀ kún apá tó kúrú, wọ́n á gba owó wọn. Kò sí ẹni tó sọ fún aránṣọ pé ohun tí òun rí yẹn ṣe pàtàkì.

Àwọn àgbà wa máa ń pe abuké ní ẹni Òrìṣà, pé bẹ́ẹ̀ ni Ọbàtálá ṣe mọ ọ́n. Ọ̀wọ̀ ni wọ́n fi ń bọ̀ fún un, n kò bá wọn jà. Ṣùgbọ́n ọmọ tí mò ń sọ yìí, a kò bí i bẹ́ẹ̀. Kì í ṣe èpè, kò sì ràn. Ẹrù tó ń rù kọ́ ló fà á, báàgì ìwé kọ́, ìjókòókíjòkòó kọ́. Nítorí náà, ẹ̀yin ìyá, ẹ yé lu ọmọ pé kó dúró ṣánṣán. Fún èyí tó pọ̀ jù nínú wọn, àwọn dókítà kò tíì mọ ohun tó ń fà á. Ohun mìíràn ni ikọ́ ẹ̀gbẹ tó bá wọ inú ọ̀pá ẹ̀yìn: òun ni ó máa ń yọ gọ́ńgọ́ láàárín ẹ̀yìn, pẹ̀lú ibà, rírù àti ìrora òru, nígbà mìíràn ẹsẹ̀ á máa kú. Ẹ má ṣe dúró de ẹgbẹ́ fún ìyẹn. Ilé ìwòsàn ni kíá, ọ̀fẹ́ sì ni oògùn ikọ́ ẹ̀gbẹ ní ilé ìwòsàn ìjọba.

Bí a ti ń wò ó kò le. Oníṣẹ́-abẹ kan ní Lọ́ńdọ̀nù, William Adams, ló kọ ọ́ sílẹ̀ ní 1865, orúkọ rẹ̀ ni a sì fi ń pè é títí di òní. Ọmọ á dúró, ẹsẹ̀ méjèèjì á pàdé, orúnkún kò ní tẹ̀. Á wá tẹ̀ síwájú bí ẹni tó fẹ́ mú nǹkan nílẹ̀, àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì á so pọ̀. Ẹni tó ń wò ó á bẹ̀rẹ̀ sí ẹ̀yìn rẹ̀, kí ojú rẹ̀ dọ́gba pẹ̀lú ẹ̀yìn ọmọ. Bí apá kan bá ga ju èkejì, ó yẹ kí a kíyè sí i. Ohun èlò kékeré kan wà tó dà bí èyí tí bíríkìlà fi ń mọ̀ bóyá ògiri tẹ́. A ń gbé e lé ẹ̀yìn ọmọ. Bí ó bá tó 7, kí ọmọ lọ rí dókítà. Fóònù náà lè ṣe iṣẹ́ yìí, bí ẹni tó mú un lọ́wọ́ bá mọ̀ ọ́n lò.

Kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò. Bí ọmọ bá ṣì ń dàgbà, tí ẹ̀yìn rẹ̀ sì wọ́ tó dígírì 25 sí 40, wọ́n lè ṣe ohun líle kan fún un tí yóò máa wọ̀ mọ́ àyà àti ìhà lábẹ́ aṣọ. Ní 2013 ni wọ́n tẹ àbájáde ìdánwò ńlá kan jáde láti Amẹ́ríkà àti Kánádà: nínú 100 ọmọ tó wọ̀ ọ́, ẹ̀yìn 72 kò wọ́ dé dígírì 50 títí wọ́n fi dàgbà tán, nínú 100 tí a kàn ń ṣọ́, 48 péré ni. Àwọn tó ń wọ̀ ọ́ ju wákàtí 12 lọ lójúmọ́ ni ó dára fún jù. Bí ọmọ bá ti ga tán, kò wúlò mọ́. Bí ẹ̀yìn bá sì ti wọ́ dé 50, iṣẹ́ abẹ ni dókítà máa ń sọ, gbogbo yín sì mọ ohun tí iṣẹ́ abẹ ń ná ni. Ẹ má ṣe gbé ọmọ lọ bá ẹni tó ń to eegun pé kó fà á tọ́. Eegun yìí kò yẹ̀, kò kán. Ilé ìwòsàn eegun ti ìjọba àpapọ̀ wà ní Dàlá, nínú Kánò níbí. Ẹ lọ síbẹ̀.

Ó yẹ kí n sọ pé àwọn ọ̀mọ̀ràn kò fohùn ṣọ̀kan lórí wíwo gbogbo ọmọ. Kí 1980 tó dé ni òfin ti wà fún un ní ilé-ìwé Jàpáánì. Ní Hong Kong, láti 1995, wọ́n fi í kún àyẹ̀wò ìlera tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń lọ ṣe. Ṣùgbọ́n ní 2018, ìgbìmọ̀ kan ní Amẹ́ríkà ní ẹ̀rí kò tíì tó láti sọ pé àǹfààní rẹ̀ ju ìpalára lọ, nítorí a lè dẹ́rù ba ọmọ tí kò ní nǹkan kan, kí a sì ná owó ẹ́síréè lásán. Ẹgbẹ́ àwọn dókítà eegun níbẹ̀ sì ní kí a wo ọmọbìnrin ní ọdún 10 àti 12, ọmọkùnrin lẹ́ẹ̀kan ní 13 tàbí 14. Tèmi ni pé kí a ṣe é ní ìwọ̀n bẹ́ẹ̀, kí a má sì wo ẹ̀yìn ọmọ kankan bí a kò bá tíì mọ ibi tí a ó rán an lọ. Kí a sọ fún ìyá pé ẹ̀yìn ọmọ rẹ̀ wọ́, kí a wá ká apá gbera, ìkà nìyẹn.

Mo bi àwọn ọmọbìnrin ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ wa léèrè ohun tí wọ́n fẹ́. Wọ́n ní àwọn kò lè tẹ̀ síwájú níbi tí àwọn ọkùnrin wà, àwọn kò sì fẹ́ kí a ka orúkọ àwọn nípàdé, nítorí ẹnu ọjà: lọ́la, ẹni tó fẹ́ fẹ́ wọn á ti gbọ́. Wọ́n gbọ́n jù wá lọ níbẹ̀. Ẹnìkan nínú wọn tún sọ pé kí a kọ́ àwọn fúnra wọn, kí ọ̀rẹ́ máa wo ọ̀rẹ́. Mo fẹ́ràn ìyẹn púpọ̀.

Nítorí náà, ní ìsinmi gígùn, nígbà tí àwọn ọmọ bá wá gba ìwé ẹ̀bùn ní gbọ̀ngán wa, kí nọ́ọ̀sì obìnrin méjì wà nínú yàrá kejì fún àwọn ọmọbìnrin, pẹ̀lú aṣọ ìkélé, tí ìyá tàbí ẹ̀gbọ́n bá ń bá wọn wọlé. Nọ́ọ̀sì ọkùnrin fún àwọn ọmọkùnrin, ní àkókò mìíràn. Ọmọ tí kò bá fẹ́, kí a má fi ipá mú un. Káàdì kékeré ni a ó fún òbí, nínú àpò ìwé tí a lẹ̀ pa, ẹnikẹ́ni kò ní rí i. Ọ̀pọ̀ wa ló ń rán ọmọ lọ sọ́dọ̀ ìyá àgbà ní Ògbómọ̀ṣọ́ tàbí Ọ̀fà láti lọ kàwé, ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti máa ń já. Kí káàdì náà bá ọmọ lọ. Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, ìyá kan nínú ìgbìmọ̀ á lọ kí àwọn òbí náà nílé, kó béèrè ní ìkọ̀kọ̀ bóyá wọ́n ti dé Dàlá. Bí owó ẹ́síréè ni kò jẹ́ kí wọ́n lọ, kí a yọ ọ́ nínú owó ìrànlọ́wọ́. Èmi náà á kó àwọn aránṣọ jọ ní ṣọ́ọ̀bù mi ní ọjọ́ Sunday kan kí yunifọ́ọ̀mù tó bẹ̀rẹ̀.

Ọ̀gbẹ́ni Alága, mo dá a lábàá pé kí ẹ̀ka yìí bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní ìsinmi tó ń bọ̀. Ta ni yóò kín mi lẹ́yìn?